Anubias Kì Í Wọ Ilẹ̀: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀ Nínú Táǹkì Ẹja àti Adágún Ọgbà

Ewéko díẹ̀ ló nira láti pa tó Anubias, síbẹ̀ àwọn tó ń pa á pọ̀, ọ̀nà kan náà sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà. Wọ́n á rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́, wọ́n á délé, wọ́n á wa ihò sínú yanrìn ìsàlẹ̀ táǹkì, wọ́n á gbé e sínú rẹ̀, wọ́n á sì wa yanrìn bò ó dáadáa kó má baà léfòó. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sí nǹkan kan tó máa ṣe é. Lẹ́yìn náà ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í já lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìdí, ní tútù, láì gbẹ. Bí wọ́n bá fà á yọ, wọ́n á rí i pé ìdí rẹ̀ ti rà, ó sì ti ń rùn. Wọ́n á ní omi ni kò dára, tàbí pé ẹni tó tà á lu àwọn ní jìbìtì. Yanrìn ló pa á.

Nítorí náà, ẹ wo ewéko náà dáadáa kí ẹ tó ṣe ohunkóhun sí i. Ewé wà lókè, ó nípọn, ó le, ó dúdú mìnìjọ̀. Gbòǹgbò wà nísàlẹ̀. Láàárín àwọn méjèèjì ni ọ̀pá kan wà tó dùbúlẹ̀, tó rí bí ìka atalẹ̀ tútù, tí ewé ń hù láti òkè rẹ̀, tí gbòǹgbò sì ń jáde láti abẹ́ rẹ̀. Inú ọ̀pá yìí ni ẹ̀mí Anubias wà. Omi tó mọ́ tàbí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa kàn án nígbà gbogbo. Gbòǹgbò lè wọ yanrìn, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ọ̀pá kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́.

Ibi tó ti ń hù fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ewéko àbàtà àti etí odò ni, nínú igbó ńlá ìwọ̀-oòrùn àti àárín Áfíríkà, títí kan gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà, Cameroon àti erékùṣù Bioko. Orí òkúta àti orí ìtì igi tó ṣubú sínú odò ló máa ń dì mọ́. Lásìkò òjò, odò á kún, omi á sì bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi á fà, ewé á yọ sínú afẹ́fẹ́, gbòǹgbò nìkan ló máa kù nínú omi. Igi ńlá ló ń ṣíji bò ó lọ́dún yíká, oòrùn kì í bá a lójúkojú. Ẹbí kan náà ni òun, kókò àti ojúoró. Ẹni tó bá ti jẹ kókò tí kò jinná, tí ọ̀fun rẹ̀ yún un, ti mọ ìwà ẹbí náà: abẹ́rẹ́ tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí wà nínú ewé wọn, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ ẹja tó ń jẹ ewéko kì í fi í fẹnu kan Anubias lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó ń sin goldfish, tó ti ra ewéko títí tó ti sú u, èyí ni kó gbìyànjú.

Oríṣiríṣi ló wà lọ́jà. Anubias barteri la máa ń rí jù, òun náà sì ní ẹ̀yà púpọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní nana kúrú, ewé rẹ̀ kéré, ó rí roboto. Òun ni mo máa ní kí ẹni tó ní táǹkì kékeré rà. Barteri gan-an tóbi, ewé rẹ̀ fẹ̀, ó sì lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan bó bá rí ààyè. Ó yẹ adágún ọgbà. Angustifolia ní ewé tóóró, gígùn. Bí ẹni tó ń tà á kò bá mọ orúkọ tó ń jẹ́, ẹ má ṣèyọnu, ìtọ́jú kan náà ni gbogbo wọn ń fẹ́.

Charles Barter tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ewéko náà, iṣẹ́ ọgbà ló ń ṣe ní London kó tó bá Baikie, dókítà ará Scotland tó ṣáájú ikọ̀ náà, rìnrìn àjò gòkè Odò Ọya nínú ọkọ̀ Dayspring ní 1857. Samuel Àjàyí Crowther wà nínú ìrìnàjò yẹn. Àpáta fọ́ ọkọ̀ náà nítòsí Jẹ́bà kí ọdún tó parí, Barter sì kú ní Rabba ní 1859. Schott, onímọ̀ ewéko ará Austria, tẹ orúkọ náà jáde ní 1860. Lónìí, àwọn ọgbà ńláńlá ní Denmark àti Singapore ló ń gbìn ín, tí wọ́n ń kó o sínú ike péépèèpé ránṣẹ́ káàkiri ayé. Ewéko igbó wa ni, àwa la kò fi bẹ́ẹ̀ gbìn ín sílé.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ má wo ewé nìkan. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀pá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti orí dé ìdí. Ó yẹ kó le. Bí ibì kan bá rọ̀, tàbí tó dúdú tó sì ń rùn, ẹ dá a padà, ẹ̀dínwó kò lè wo ìyẹn sàn. Ewé kan tàbí méjì tó ti pọ́n kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ wá ojú tí ewé tuntun ti ń yọ ní ìpẹ̀kun ọ̀pá náà: bí ẹ bá rí ewé kékeré tó ká jọ, tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, ewéko náà ń dàgbà nìyẹn. Ẹ má sì lọ ya á kúrò lórí òkúta nínú igbó ọba. Ọ̀pá tó gùn tó ọwọ́ ènìyàn ti lo ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá gbé e délé, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ike tí wọ́n gbìn ín sí. Ohun kan bí òwú máa ń wé mọ́ gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ já a kúrò díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ omi tó ń ṣàn, nítorí bí ó bá kù níbẹ̀, ìdọ̀tí á máa há sí i. Ẹ yí ewé kọ̀ọ̀kan wò lójú àti lẹ́yìn. Ẹyin ìgbín omi máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ewé, ó rí bí ọ̀rá tó mọ́ gaara, èékánná lẹ fi máa ha á kúrò. Gbòǹgbò tó bá gùn jù, ẹ gé e kù bí ìdajì ìka. Tuntun á yọ, àwọn tuntun ló sì máa di òkúta mú. Ẹ fi ewéko náà sínú abọ́ omi lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó wọ inú táǹkì, pàápàá bí ẹja bá ti wà níbẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ wá ohun tó máa dì mọ́. Òkúta ló rọrùn jù. Akọ òkúta tí àwọn afọ́kùúta ń ta dára, bẹ́ẹ̀ náà ni òkúta odò. Irú èyí tó ní ẹfun nínú máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi, ó sì ń mú kí omi le. Ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lára: bó bá hó wuruwuru, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tí kò bá hó, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ láì lo ọṣẹ, kí ẹ sì da omi gbígbóná lé e lórí. Ọṣẹ kò yẹ kó kan ohunkóhun tó máa wọ inú táǹkì.

Igi tún dára ju òkúta lọ lójú mi, nítorí ara rẹ̀ rí pálapàla, gbòǹgbò máa ń rí ibi wọ̀. Àmọ́ igi gba àsìkò. Èyí tó ti gbẹ tó sì le ni kí ẹ wá, tí kò ní oje tàbí òórùn, tí èèpo rẹ̀ sì ti bọ́ tán. Ẹ sè é fún wákàtí kan bí ìkòkò bá gbà á, kí ẹ wá rì í sínú omi, kí ẹ gbé òkúta lé e. Igi mìíràn máa lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kó tó gbà láti dúró nísàlẹ̀. Ní gbogbo àsìkò yẹn, á máa tú àwọ̀ bíi ti tíì sínú omi. Ẹ máa pààrọ̀ omi náà títí àwọ̀ yẹn á fi rọlẹ̀. Èyí tó bá kù kò pa ẹja lára. Inú irú omi bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹja igbó ń gbé.

Ọ̀rọ̀ omi kò pọ̀. Anubias fara da omi líle àti omi rírọ̀, pH 6 sí 7.5 tẹ́ ẹ lọ́rùn, ìgbóná tó wà láàárín 22 àti 28 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló sì fẹ́ràn jù. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ní Ìbàdàn tàbí ní Àkúrẹ́, kò nílò ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná. Bó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ìjọba, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú nínú bákẹ́ẹ̀tì tí ẹ ṣí sílẹ̀, kí kílórínì inú rẹ̀ fẹ́ lọ. Ìlú mìíràn máa ń lo chloramine, èyí tí kì í fẹ́ lọ bẹ́ẹ̀. Oògùn omi tí àwọn tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ ní ló ń ká a. Omi kànga ẹlẹ́rọ tó ní ìpẹtà, ẹ jẹ́ kó sílẹ̀ títí ìpẹtà á fi rọ̀ sísàlẹ̀, kí ẹ wá bu ti òkè lò. Omi tí wọ́n fi álọ́ọ̀mù sí ni mo kọ̀ délẹ̀. Ó máa ń mọ́ lójú, ṣùgbọ́n ó ń mú omi kan, ẹja kì í sì fẹ́ ìyípadà òjijì.

Ó wá kan dídè. Ẹ gbé ewéko náà lé orí òkúta kí ọ̀pá rẹ̀ dùbúlẹ̀ gbọọrọ, kí gbòǹgbò tàn sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ fi òwú ìránṣọ dúdú wé e yí òkúta po lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, kí òwú máa gba àárín àwọn igi ewé kọjá. Ẹ má fà á le. Bí òwú bá wọ ara ọ̀pá, ibẹ̀ ló ti máa rà. Bí ẹ bá gbé òkúta náà sókè tí ẹ mì í, tí ewéko náà kò bọ́, ó tó. Òwú ìránṣọ á jẹrà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, nígbà tí gbòǹgbò á ti gbá òkúta mú. Okùn ọ̀rá tí àwọn apẹja ń lò kì í jẹrà, ẹ̀yin lẹ máa padà wá gé e.

Àwọn kan kì í ní sùúrù òwú, súpà gúlù ni wọ́n ń lò, kò sì burú. Èyí tó ki ni kí ẹ rà, torí èyí tó ṣàn máa ń dà síbi tí ẹ kò fẹ́. Ẹ nu òkúta gbẹ, ẹ nu abẹ́ ọ̀pá gbẹ, ẹ kán ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta péré, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì gbé e padà sínú omi kó má baà gbẹ. Ojú ibi tó lẹ̀ á funfun, gbòǹgbò á bò ó tó bá yá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí gúlù kan ojú tí ewé tuntun ti ń yọ.

Ibi tí ẹ máa gbé e sí nínú táǹkì ni ọ̀rọ̀ tó kàn, níbẹ̀ sì ni inúure ti ń ṣe ewéko yìí níbi. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ máa ń gbé e sí abẹ́ gílóòbù gan-an, tàbí sí ojú fèrèsé tí oòrùn àárọ̀ ń wọlé. Anubias kì í sáré. Ewé tuntun kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí oṣù kan ni ìrìn rẹ̀, ewé kan sì lè lo ju ọdún kan lọ kó tó kú. Ewé tó bá pẹ́ tó báyìí lójú kan, tí ìmọ́lẹ̀ ń pọ̀ lórí rẹ̀, èérí aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ ló máa bò ó, tàbí èyí tó dúdú bí irun tí kì í ṣeé fọ̀. Ẹ̀gbẹ́ táǹkì, abẹ́ òjìji ewéko tó ga jù ú lọ, tàbí abẹ́ òṣíbàtà tí ewé rẹ̀ bo ojú omi, ibẹ̀ ló ti máa ń rí ara rẹ̀. Iná wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ lójúmọ́ ti tó. Bí iná ìjọba bá lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán tó ń wọ yàrá á gbé e ró. Ẹja ni kí ẹ máa ronú nípa rẹ̀ nígbà yẹn, torí afẹ́fẹ́ inú omi. Ìdí nìyí tí mo fi ka Anubias sí ewéko tó bá ilé wa mu ju àwọn aláwọ̀ pupa tó rẹwà nínú àwòrán lọ, àwọn tó ń fẹ́ iná ńlá àti gáàsì CO2.

Oúnjẹ rẹ̀ ni ìgbẹ́ ẹja. Bí ẹja bá wà nínú táǹkì, kò pọn dandan kí ẹ fi nǹkan mìíràn kún un. Ajílẹ̀ oko, irú bíi NPK tàbí yúríà, kò gbọdọ̀ wọ inú omi ẹja láéláé: amóníà á pa gbogbo ẹja tó wà níbẹ̀. Ẹ máa pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà lọ́sẹ̀. Ní ọjọ́ yẹn kan náà, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá nu ewé kọ̀ọ̀kan lójú àti lẹ́yìn, jẹ́jẹ́. Ewé tí èérí dúdú ti bò tán, ẹ fi àlùmọ́gàjí tó mú gé e mọ́ ìdí. Nígbà mìíràn ẹ máa rí i tó yọ òdòdó lábẹ́ omi, funfun rẹ́súrẹ́sú, tó ká mọ́ ọ̀pá kékeré kan láàárín. Ẹ wò ó kí ojú yín gbádùn. Kì í béèrè nǹkan kan.

Àìsàn kan ṣoṣo ló yẹ kó kó yín láyà sókè. Bí ewé bá ń já ní tútù tí ẹ kò sì rì í mọ́lẹ̀, ẹ gbé e jáde kíákíá. Ẹ fi abẹ tó mọ́ gé ọ̀pá náà láti ibi tó rọ̀ títí ẹ ó fi dé ibi tí inú rẹ̀ le, tó sì ní àwọ̀ ewé tàbí funfun. Bó bá kù ju ewé méjì lọ, ẹ tọ́jú rẹ̀ nínú abọ́ lọ́tọ̀. Ẹ má dá èyí tí ẹ gé dànù padà sínú táǹkì, ẹ sì fọ abẹ náà kí ẹ tó lò ó fún òmíràn, nítorí jíjẹrà yìí máa ń ràn.

Adágún ọgbà ń kọ́? Tiẹ̀ dùn díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí níbẹ̀ ni Anubias ti lè gbé bó ṣe ń gbé nínú igbó, kí ewé rẹ̀ wà lókè omi. Ewé tó wà nínú afẹ́fẹ́ máa ń yára dàgbà ju èyí tó wà lábẹ́ omi lọ. Bí adágún náà bá jẹ́ ti sìmẹ́ǹtì tuntun, ẹ má sáré. Sìmẹ́ǹtì á máa tú ẹfun sínú omi. Ẹ bomi kún un, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ gbọ́n ọn dànù, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin kí ohun ẹlẹ́mìí tó wọ ibẹ̀. Ilé tí ọmọdé bá wà, ẹ kọ́kọ́ fi irin alájọ̀jọ̀ bo ojú rẹ̀.

Ẹ to òkúta sí etí adágún náà ní ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ọ̀sán kì í dé, kí ìdajì òkúta wà nínú omi. Orí ìyẹn ni kí ẹ de Anubias mọ́, kí ọ̀pá rẹ̀ wà díẹ̀ lókè omi, kí gbòǹgbò rẹ̀ rọ̀ wọ inú omi. Ajere tàbí apẹ̀rẹ̀ ike tí ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sí náà ṣeé lò, ó sì rọrùn láti gbé kiri. Oòrùn gangan máa ń jó ewé rẹ̀ di yẹ́lò, kó tó wá gbẹ létí. Lásìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tàbí kí ẹ kúkú sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sábẹ́ omi títí ọyẹ́ á fi lọ. Èyí tó bá ti ń gbé lókè, bí ẹ bá rì í sómi lójijì, ó lè já ewé kan tàbí méjì sílẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù.

Ẹ kó ẹja kéékèèké bíi guppy sínú adágún náà ní kété tí omi rẹ̀ bá ti ṣeé gbé fún ẹja, torí omi tó bá dúró láìní ẹja, tanwíji ló ń sìn. Epìyà àti àrọ̀ kò yẹ ibẹ̀. Wọn kò ní jẹ Anubias, ṣùgbọ́n wọ́n á máa walẹ̀, wọ́n á máa fi ara gbá òkúta, okùn á sì tú.

Ẹni tó ń gbé London tàbí Manchester lè gbé tirẹ̀ síta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọ̀hún, nínú apẹ̀rẹ̀ tó ṣeé gbé. Kí omi tó tutù tó ìwọ̀n 15, kó ti gbé e wọlé. Yìnyín kan péré á pa á. Omi líle ti London kò ní ṣe é ní nǹkan kan.

Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, ọ̀pá á gùn kọjá òkúta tí ẹ dè é mọ́. Ìgbà náà ni kí ẹ gé e sí méjì, kí apá kọ̀ọ̀kan ní ewé mẹ́rin ó kéré tán, kí ó sì ní gbòǹgbò tirẹ̀. Apá tí ojú ìdàgbà kò sí lára rẹ̀ lè dúró fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ láìṣe nǹkan kan, lẹ́yìn náà á yọ ojú tuntun ní ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ìlú mìíràn, ẹ fi ìwé ìròyìn tútù wé e, ẹ dì í sínú ọ̀rá. Ó lè lo ọjọ́ mélòó kan bẹ́ẹ̀ láìkú.

Èyí tí ẹ kò bá rẹ́ni fún, àti ewé tí ẹ gé, àti omi ìdọ̀tí táǹkì, ẹ má dà wọ́n sínú gọ́tà tàbí odò. Ìgbín àjèjì àti àwọn ewéko wẹ́wẹ́ tó ń léfòó máa ń tẹ̀ lé wọn. Láti ọdún 1984 tí ewéko omi tí òyìnbó ń pè ní water hyacinth ti gba Badagry wọ ọ̀sà Èkó ni àwọn apẹja ibẹ̀ ti ń fi ọkọ̀ là á kọjá. Ẹ sá ewéko náà sóòrùn títí á fi gbẹ fẹ́fẹ́, kí ẹ wá dà á sórí ààtàn. Omi táǹkì, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló wúlò fún jù.